Súùmù 83, súùmù 125: èwo ni kí tíṣà tó fẹ́ràn ẹyẹ rà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí ní ìlú Oǹdó. Mo fẹ́ràn kí n máa ya fótò ẹyẹ àti òkè, kì í ṣe fún owó, fún ìgbádùn ara mi àti fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni. Oníṣòwò kan ní Àkúrẹ́, nítòsí Ọjà Ọba, fi Nikon P900 tòkúnbọ̀ kan hàn mí. Ó fa súùmù rẹ̀ dópin, mo sì ka ohun tí wọ́n kọ sára òpó tẹlifóònù kan tó jìnnà réré. Ẹnu yà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má rà á, pé kí n fowó kún owó kí n lọ ra Nikon P1000, torí súùmù 125 tirẹ̀ ju 83 ti P900 lọ. Ṣé P900 yìí tó rà? Ṣé mo sì lè máa fi ya ìkómọ àti ọjọ́ ìbí?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ kú ìfẹ́ ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ná kí n tó ṣàlàyé. Bó bá jẹ́ ẹyẹ àti òkè lẹ fẹ́ máa yà, lójú ọ̀sán, ẹ ra P900 yẹn, bó bá yege nínú àyẹ̀wò tí mo fẹ́ kọ sísàlẹ̀. Ẹ má tìtorí P1000 fowó kún owó. Ti ìkómọ inú gbọ̀ngàn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò yín pátápátá.

Ọkùnrin tó fi òpó hàn yín kò purọ́, ó kàn mọ ohun tó yẹ kí òun fi hàn ni. Oòrùn ń ràn, òpó irin dúró gbọnin, lẹ́tà ara rẹ̀ hàn ketekete. Kò sí káámẹ́rà onísúùmù gígùn tí kò ní yege níbẹ̀. Ká ní ó mú yín jáde ní agogo mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, kó ní kí ẹ ya lékeléke tó ń fò lọ sùn, ẹ̀ bá rí apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà jíjìn ló ń tà fún yín. Ìmọ́lẹ̀ lẹ ó fi san án, yàtọ̀ sí náírà tí ẹ máa kà sí i lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká tú nọ́ńbà yẹn palẹ̀. 83 tí wọ́n ń pariwo lórí P900 kò sọ bó ṣe ń ríran jìnnà tó. Ohun tó ń sọ ni iye ìgbà tí ìparí súùmù fi ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọn bí léńsì ṣe ń fà tó: 24 ló ti bẹ̀rẹ̀, 2000 ló parí sí. Ẹ fi 24 pín 2000, nǹkan bíi 83 lẹ máa rí. Canon SX70 HS bẹ̀rẹ̀ láti 21, ó dé 1365, 65 nìyẹn. Sony RX10 IV lọ láti 24 dé 600, 25 péré. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà yìí la fi ń mọ káámẹ́rà tó dára, ti Sony ni owó rẹ̀ ìbá kéré jù. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde, P900 jẹ́ nǹkan bíi 600 dọ́là ní 2015, SX70 jẹ́ 550 ní 2018, Sony yẹn sì jẹ́ 1,700 ní 2017. Èyí tó fà kéré jù ló gba owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta!

Sẹ́ńsọ̀ ló fà á, ìyẹn pátákó kékeré inú káámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé kó tó di fótò. Ọgbọọgba ni ti P900, P950 tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, P1000 àti SX70: fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 6.2, gíga rẹ̀ 4.6. Ó kéré sí èékánná ọmọńdinrín yín. Ti Sony jẹ́ 13.2 sí 8.8, ààyè rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti Nikon. Ti àwọn káámẹ́rà tó tóbi jù tí àwọn onífótò ìgbéyàwó ń gbé kọ́rùn jẹ́ 36 sí 24, ìyẹn lé ní ìlọ́po 30. Kékeré yẹn náà ló jẹ́ kí P900 lè jìnnà tó bó ṣe jìnnà, kó má sì wúwo tó kílò kan. Léńsì inú rẹ̀ gan-an, mìlímítà 357 ni. Bí sẹ́ńsọ̀ ṣe kéré ló jẹ́ kó máa fà bíi léńsì 2000 lórí káámẹ́rà ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ irú 2000 yẹn lórí káámẹ́rà ńlá, àfi kó wá alábàárù.

Nísinsìnyí, ohun tí kò sí ẹni tó máa sọ fún yín ní ìdí àtẹ. Bí léńsì ṣe ń gùn sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé sẹ́ńsọ̀ ń dín kù. Nọ́ńbà f ló ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe tóbi tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ihò ṣe tóbi. Lórí P900, ẹ máa rí f/2.8 nígbà tí súùmù ò tíì jáde. Bó bá ti jáde tán, ó ti di f/6.5. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó kù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ọ̀nà méjì ni káámẹ́rà ní láti rí i gbà padà: kó la ojú pẹ́ kí ó tó pa á dé, tàbí kó gbé ISO sókè, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí káámẹ́rà ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ tó rí gbà lágbára tó. Bó bá la ojú pẹ́, ohun tó bá mira á di bàìbàì. Bó bá gbé ISO sókè lórí sẹ́ńsọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, fótò á di hóró-hóró. Lójú tèmi, bí ISO P900 bá ti kọjá 800, ìyẹ́ ẹyẹ ò ní ṣe é kà mọ́. Káámẹ́rà á gbìyànjú láti fọ hóró yẹn dànù, á sì fọ ìyẹ́ mọ́ ọn.

Oníṣòwò lè ní, "Ó ní VR, ọwọ́ ò lè gbọ̀n." Òótọ́ ni, VR ni ohun tó ń dènà gbígbọ̀n ọwọ́. Òfin àtijọ́ ni pé bí léńsì bá jẹ́ 2000, kí a má lo àkókò tó pẹ́ ju 1/2000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ bí a bá ń fọwọ́ gbé e. VR P900 dára dé ibi pé ẹni tó fara balẹ̀ lè lo 1/125 kí òpó ṣì mọ́ rekete. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ló ń mú dúró, kò lè mú ẹyẹ dúró. Ẹ̀gà tó ń hun ìtẹ́ lórí ọ̀pẹ kì í dúró wo ẹnikẹ́ni. Fún ẹyẹ tó bà sórí ẹ̀ka, mo máa ń fẹ́ 1/500. Fún èyí tó ń fò, 1/1600 sókè. Pẹ̀lú f/6.5, oòrùn nìkan ló lè fún yín nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kí ISO tó bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní lójú ọ̀sán.

Ibi tó bá wá yẹ ká yìn ín, ẹ jẹ́ ká yìn ín. Ká ní lékeléke kan dúró sídìí màlúù, àádọ́ta mítà sí yín. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mítà. Bí P900 bá fa súùmù dópin, ibi tí gbogbo fótò yẹn gbà kò ju 90 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí náà ẹyẹ yẹn á gba ju ìdajì rẹ̀ lọ, ẹ ó rí ojú rẹ̀. Níbẹ̀ náà, fótò Sony á gba mítà mẹ́ta. Ẹyẹ á wà láàárín, kékeré. Ẹ lè gé etí fótò náà dànù lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ nínú mílíọ̀nù 20 píksẹ́ẹ̀lì (àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di fótò) tó ní, kò ní ṣẹ́kù tó mílíọ̀nù 2 kó tó bá ti Nikon dọ́gba. Ó tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kò tó tẹ̀ jáde kọ́ sára ògiri kíláàsì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé sẹ́ńsọ̀ ńlá ni yóò máa borí nígbà gbogbo, kò tíì dúró sí pápá lójú oòrùn kí ẹyẹ kọ̀ láti jẹ́ kó sún mọ́ ọn.

Òṣùpá náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì yín máa pariwo. Lórí P900, òṣùpá àrànmọ́jú á gba bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gíga fótò, ẹ ó rí kòtò ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí SX70, ìdajì. Torí pé oòrùn ló ń tàn sára òṣùpá, kì í ṣe ohun òkùnkùn lójú káámẹ́rà: ISO 100 àti 1/250 ti tó. Ẹ gbé e lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ pa VR, kí ẹ lo ìdádúró ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ìka yín má baà mì í. Ọjọ́ tí òṣùpá bá ṣe ìdajì ni kòtò ara rẹ̀ máa ń hàn jù, torí òjìji wọn gùn. Ìyẹn gan-an, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ odidi wákàtí kan ni fún àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí P1000 tí ọ̀rẹ́ yín dárúkọ. Ó dé 3000 lóòótọ́, ọdún 2018 ló jáde. Ó wúwo tó kílò kan àti ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kò sì tóbi ju ti P900 lọ rárá. Níbi tí súùmù rẹ̀ parí sí, f/8 ló kù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ rò ó wò lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdánrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 600, tí ẹ gbé e kọ́rùn, pẹ̀lú omi àti oúnjẹ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ẹni tó bá ń ya òṣùpá látinú ọgbà ilé rẹ̀, tàbí tó ń dúró sójú kan de àṣá, á gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ń rìn, á máa fi í sílé nígbà tó bá yá.

Òmíràn tún wà tí owó kò lè rà: afẹ́fẹ́. Ní ọ̀sán Ìdánrè, àpáta dúdú yẹn á ti gbóná, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ á máa jó. Ẹ ò ní rí i pẹ̀lú ojú lásán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa súùmù sí òkè kejì, ẹ máa rí i bí etí òkè náà ṣe ń mì bí ẹni pé ó wà nínú omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé fókọ́ọ̀sì ló bàjẹ́, wọ́n á gbé káámẹ́rà padà lọ bá oníṣòwò. Kì í ṣe fókọ́ọ̀sì. 3000 kàn ń mú jíjó yẹn tóbi sí i ni. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku á bo gbogbo ojú ọ̀run, òkè tó wà ní kìlómítà mẹ́ta á di eérú, ẹyẹ nítòsí nìkan ló máa ń ṣe é yà dáadáa. Àárọ̀ kùtùkùtù lẹ́yìn òjò alẹ́ ló dára jù, kí ilẹ̀ tó gbóná, ìgbà tí òjò ti fọ eruku dànù. Ẹni tó ní P900 ní àárọ̀ yẹn máa ya fótò tó dára ju ti ẹni tó gbé P1000 dé ní agogo kan ọ̀sán. Kódà nígbà náà, mi ò kì í fa súùmù dópin bí kò bá pọn dandan. Láàárín 1000 sí 1400, fótò P900 máa ń mọ́ ju bó ṣe máa ń rí ní 2000 lọ.

Ẹ máa bínú sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wíwá ẹyẹ nígbà tí súùmù bá ti jáde tán dà bí ìgbà tí ẹ fi ojú abẹ́rẹ́ wá ènìyàn kan ní Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà. Ẹ̀ka igi nìkan ni ẹ máa rí, ẹyẹ á ti lọ. Bọ́tìnì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ léńsì P900, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, súùmù á padà sẹ́yìn fúngbà díẹ̀ kí ẹ lè rí ibi tí ẹyẹ wà, bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á padà síbi tó wà. Canon SX70 náà ní irú rẹ̀. Ẹ kọ́ ọwọ́ yín sí i títí tí kò fi ní gba ìrònú mọ́. Ẹ mọ èyí náà pé fótò méje ni P900 lè yà léraléra láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́yìn náà á dúró kó gbé wọn sínú káàdì, kò ní dá yín lóhùn. Àwòdì á ti kọjá. Ẹyẹ tó ń fò, Sony RX10 IV ni, fótò 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ sì yá. Bó bá jẹ́ fífò ẹyẹ gan-an ni ìfẹ́ yín, ẹ tọ́jú owó, kí ẹ dúró dè é.

Bí oníṣòwò yẹn bá ní P950 tí owó rẹ̀ kò fi púpọ̀ ju ti P900 lọ, mo máa ní kí ẹ mú un. Léńsì kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n P950 lè tọ́jú fótò ní RAW, ìyẹn fótò tútù tí káámẹ́rà kò tíì sè, èyí tí P900 kì í ṣe. Bí ojú ọ̀run bá funfun jù lẹ́yìn ẹyẹ dúdú, RAW lè jẹ́ kí ẹ rí ìyẹ́ ẹyẹ náà yọ lórí kọ̀ǹpútà. JPEG P900, ìyẹn fótò tí káámẹ́rà ti sè jinná, kò ní gbà fún yín tó bẹ́ẹ̀. Ihò tí a ń fi ojú wò lára rẹ̀ náà mọ́ ju ti P900 lọ dáadáa, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí lójú oòrùn wa yìí, ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú sikírínì ẹ̀yìn káámẹ́rà.

Ti ìkómọ. Gbọ̀ngàn máa ń ṣókùnkùn, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, ẹni tó ń jó kò ní dúró. Sẹ́ńsọ̀ kékeré nínú òkùnkùn, ẹ ti mọ èyí tó kù. P900 kò tilẹ̀ ní ibi tí a ti ń kan fíláàṣì ńlá mọ́ ọn lórí. Fóònù tó dára díẹ̀ á ya fótò méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, á dà wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, á sì borí rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wọ inú iṣẹ́ òde gan-an, DSLR tòkúnbọ̀ kan (káámẹ́rà ńlá tí léńsì rẹ̀ ṣe é yọ) pẹ̀lú léńsì 50mm f/1.8 ni kí ẹ lọ wá, kò sì ní lè ya ẹyẹ. Káámẹ́rà kan tó ń ṣe méjèèjì pẹ̀lú owó yín, mi ò tíì rí i.

Àyẹ̀wò wá kù. Ẹ gbé káàdì tiyín lọ, àti láptọ́ọ̀pù bó bá ṣeé ṣe. Ẹ tan káámẹ́rà náà, kí ẹ fa súùmù jáde kí ẹ dá a padà, ẹ ṣe é léraléra, kí ẹ gbé etí sí i. Ó yẹ kó lọ wọ́ọ́rọ́. Bó bá ń kẹ̀ẹ̀, tàbí tó dúró díẹ̀ kó tó máa lọ, iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Léńsì tó ń jáde tó ń wọlé máa ń fa afẹ́fẹ́ wọnú, eruku ọyẹ́ sì máa ń bá a wọlé. Ọjọ́ tó bá há, á kọ "lens error" sójú, owó àtúnṣe rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí ẹ fi rà á. Léńsì yìí kò ṣe é yọ, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú léńsì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀ ń wá okùn tín-ín-rín funfun tó fọ́n ká, irú èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ dìde. Ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún tíṣà báyọ́lọ́jì: ohun ẹlẹ́mìí ni, á máa tàn, nínú ọ̀rinrin Oǹdó á sì tàn kíákíá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí i sí f/8, ẹ fa súùmù dópin, kí ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run. Àmì dúdú tó bá wà lójú kan náà nínú gbogbo fótò, eruku ti bà lé sẹ́ńsọ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè nù ún fúnra yín. Ẹ tún kọjú rẹ̀ sí pátákó ṣọ́ọ̀bù kan lókèèrè, ẹ tẹ bọ́tìnì dé ìdajì: àwòrán tó ń gbọ̀n yẹ kó rọlẹ̀ lójijì. Bí kò bá rọlẹ̀, VR ti kú. Ẹ yọ bátìrì wò. Èyí tó bá ti wú, kò dára. Fótò tí ẹ bá yà, ẹ má wò ó lójú káámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ ló máa ń dára níbẹ̀. Ẹ ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ mú un tóbi.

Bẹ́ ẹ bá gbé e délé, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpò awọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ike onídèérí tó dé pinpin ni, kí ẹ da àpò kékeré oníhóró tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun sí i. Ìrẹsì tí àwọn kan ń lò ń lé eruku wọlé ni. Ti iná ìjọba, P900 lè gba iná látara wáyà USB, nítorí náà páwà báǹkì á gbà yín lọ́nà Ìdánrè. Nikon ní bátìrì rẹ̀ á ya 360 fótò. Fífa súùmù léraléra máa ń jẹ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ra bátìrì kejì. Kí ẹ yọ owó bátìrì yẹn nínú iye tí oníṣòwò bá pè. Bó bá sì kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ gbé káámẹ́rà náà jáde síta, tó ní inú ṣọ́ọ̀bù nìkan ni kí ẹ ti wò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.